Mo Fọ Òórùn Màmá Wa Dànù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán tí ẹ bá pòṣé, mi ò ní bá yín jà. Mo ti bú ara mi ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè bú mi lọ. Ohun tí mo ṣe kò gbà ju wákàtí kan lọ, nínú pápákọ̀ òfurufú, lọ́sàn-án gangan. Kò sí ẹni tó fi ìbọn tì mí. Àfọwọ́fà ni.

Aránṣọ ni mí. Àwa mẹ́ta ni màmá wa bí, obìnrin sì ni gbogbo wa. Àkọ́bí, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Àgbà, ń gbé ìlú òkèèrè pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. A jọ dàgbà bí ìbejì ni, mi ò pè é ní “ẹ” rí láyé mi. Àbíkẹ́yìn wa ni Kékeré, òun ló tọ́jú màmá nílé títí wọ́n fi kú. Èmi ni mo wà láàárín.

Màmá fúnra wọn ló sọ mí ní Lọ́fínńdà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí mo da odindi ìgò lọ́fínńdà wọn sára, tí ilé kò ṣeé wọ̀ fún ọjọ́ méjì. Láti ìgbà náà, mo lè jáde láì jẹun, ṣùgbọ́n mi ò lè jáde láì fín nǹkan sára.

Ọ̀sẹ̀ tí màmá kú gan-an ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Àǹtí Àgbà. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú fún oṣù mẹ́ta. Báyìí la ṣe sin màmá láìsí àkọ́bí wọn níbẹ̀. Orí fóònù ló ti wò ó.

Nígbà tí a fẹ́ pín ẹrù màmá, a pè é pé kí la máa fi sílẹ̀ fún un. Ó ní òun ò fẹ́ wúrà, òun ò fẹ́ aṣọ olówó iyebíye.

“Ìborùn tí wọ́n fi bo èjìká títí wọ́n fi kú, òun ni kí ẹ bá mi gbé pamọ́,” ló wí. “Ẹ má fọ̀ ọ́ o. Mo kàn fẹ́ gbọ́ òórùn màmá mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tó gbà pé wọ́n ti lọ.”

Kò mọ̀ pé Kékeré ti di ìborùn náà sínú ọ̀rá mẹ́ta láti ọjọ́ tí màmá ti kú, ó ti so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin. Nígbà tó wá kàn mí láti lọ bá Àǹtí Àgbà ṣiṣẹ́ ilé títí ara rẹ̀ yóò fi yá, ọwọ́ méjèèjì ni Kékeré fi gbé e fún mi.

“Àǹtí Lọ́fínńdà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u o. Tí afẹ́fẹ́ bá ti wọ̀ ọ́, ó tán nìyẹn.”

“Ṣé ọmọdé lo fi mí pè ni?”

“Rárá o. Imú yín ni mò ń bẹ̀.”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo jù ú sínú àpò ọwọ́ mi, mo sì lọ.

*

Ní pápákọ̀, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó wọ ìbọ̀wọ́ fa nǹkan náà yọ nínú àpò mi.

“Màdáámù, kí lẹ dì pinpin báyìí?”

“Ìborùn ni.”

“Ìborùn wo ni wọ́n ń dì sínú ọ̀rá mẹ́ta?”

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti tú ìkíní, ó tú ìkejì, ó sì fi ọ̀bẹ kékeré la ìkẹta. Ó gbọn ìborùn náà, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó dá a padà lé mi lọ́wọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń tì mí. Bàtà mi ń bẹ lọ́wọ́ kan, fóònù ń bẹ ní ìkejì.

Ọ̀rá méjì ṣì wà tó dára. Ká ní mo jókòó fún ìṣẹ́jú méjì péré, ǹ bá ti dì í padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ le, òtútù sì ń mú mi. Mo ní lọ́kàn mi pé, “Jẹ́ n kọ́kọ́ fi bo èjìká. Tí mo bá dé ibi ìjókòó, màá dì í.” Mo fi wé ọrùn, mo sì ń lọ. Bí òórùn kankan bá jáde lára rẹ̀ nígbà yẹn, lọ́fínńdà tí mo ti fín láti ilé ti bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò tilẹ̀ rántí láti gbé e sún mọ́ imú.

Ẹni tó kọ́ pápákọ̀ yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Bí wọ́n bá ti yẹ̀ ọ́ wò tán, kò sí ọ̀nà mìíràn tó lọ síbi ọkọ̀ àfi kí o gba àárín ṣọ́ọ̀bù ńlá kan kọjá, èyí tí wọ́n ti ń ta ọjà tí wọn kì í gba owó ibodè lé lórí. Ọ̀nà inú rẹ̀ kì í ṣe tààrà. Ó ń yí kọ́rọkọ̀rọ ni. Ó mú mi kọjá níbi ṣokoléètì, ó mú mi kọjá níbi ọtí, ó wá já mi sí àárín lọ́fínńdà.

Mo bá ara mi sọ̀rọ̀: “Ìwọ obìnrin yìí, iwájú ni kí o máa wò. Má wo ọ̀tún, má wo òsì.”

Mo wo ọ̀tún.

Ìgò ni lóríṣiríṣi, wọ́n tan iná sí wọn láti ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó kun ètè rẹ̀ ní pupa fòò ti rí mi kí n tó rí i.

“Ẹ kú ìrìn o, àǹtí mi. Ẹni tó bá rìn báyìí mọ lọ́fínńdà. Ẹ kàn gbọ́ òórùn èyí, bí ẹ ò tilẹ̀ ní rà á.”

Ó fín in sí bébà pẹlẹbẹ kan, ó nà án sí mi. Orí mi wú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ibi tí mo ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyẹn.

“Fín in sí mi lọ́wọ́,” ni mo wí.

Ó fín in sí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Ó tún fi òmíràn sí ti òsì. Nígbà tó yá, ó fi ìkẹta sí ìgbọ̀nwọ́ mi, torí kò sí àyè mọ́. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Láti ìgbà tí màmá ti kú, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín gidi, kí n má purọ́.

“Ẹ wò ó,” ọmọbìnrin náà wí, “ara aṣọ ló ti ń pẹ́ jù. Tí mo bá fín èyí sí ìborùn yín, di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ ó ṣì máa gbọ́ ọ. Ṣé kí n fín in?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó bi mí léèrè. Kò fipá mú mi. Ó gbé ìgò dúró, ó ń wojú mi, ó ń retí èsì. Èmi ni mo na ọrùn síwájú, tí mo ní, “Fín in dáadáa.”

Ó fín in sí èjìká ọ̀tún, ó fín in sí èjìká òsì, ó tún yí sí ẹ̀yìn, ó fín in sí ẹ̀yìn ọrùn.

“Ìborùn yín mà rẹwà o,” ló wí, ó ń fi ìka tẹ etí rẹ̀. “Irú èyí ò sí lọ́jà mọ́. Níbo lẹ ti rà á?”

“Ti màmá mi ni,” ni mo dáhùn.

Ohùn ara mi ni mo fi etí ara mi gbọ́. Mo já ìborùn náà kúrò lọ́rùn bí ẹni tí iná mú.

“Àǹtí, ṣé kò sí o? Ṣé ó ń yún yín lára ni?”

Mo ti ń sáré.

*

Ibi tí mo sáré lọ ni ilé ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé iṣẹ́ ọwọ́ mi gan-an ló tún kó bá mi. Nínú iṣẹ́ aránṣọ, oníbàárà a máa gbé aṣọ tó kún fún lọ́fínńdà wá pé kí a bá òun tún un ṣe. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó fi omi gbígbóná nu ojú ibẹ̀, a ó sì fi ooru lé òórùn náà jáde. Mo ti ṣe é títí, ó ti di mẹ́ta kọ́bọ̀ lójú mi.

Mo fi bébà rẹ èjìká kan lómi, mo nù ún. Lọ́fínńdà náà kò lọ, ńṣe ló tàn kálẹ̀. Mo nu èjìká kejì. Gbogbo rẹ̀ wá ń ta sánsán bí ọgbà òdòdó. Mo wo aago: ogójì ìṣẹ́jú ló kù kí ọkọ̀ gbéra.

Mo fún ọṣẹ olómi tó wà lára ògiri sí ọwọ́, mo ní etí rẹ̀ nìkan ni màá fọ̀. Mo fọ etí. Mo fọ àárín. Kí n tó mọ̀, gbogbo ìborùn náà ti wà nínú omi, mo sì ń rún un bí ẹni ń fọ aṣọ ìdọ̀tí.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń nu ilẹ̀ ibẹ̀ dúró, ó fi ọwọ́ ti igi ìnulẹ̀ rẹ̀.

“Ọmọ mi, kí ni aṣọ yìí ṣe fún ọ?”

“Ó ní àbàwọ́n ni, mà.”

Ó sún mọ́ mi, ó wò ó. “Mi ò rí àbàwọ́n kankan.”

Ìgbà yẹn ni mo tó dúró. Omi tó wà nínú agbada ìfọwọ́ náà ti yí àwọ̀ díẹ̀, ó ní epo fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lójú. Mo ń wò ó bó ṣe ń ṣàn wọ inú ihò lọ. Ó yẹ kí n bi ara mi pé epo kí nìyẹn. Mi ò bi ara mi.

Mo gbé ìborùn náà sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọwọ́ gbẹ. Mo tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́, ó dákẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin tó fẹ́ gbẹ ọwọ́ wọn tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń kùn. Nígbà tó gbẹ, mo gbé e bo imú. Òórùn ọṣẹ ilé ìyàgbẹ́ ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nínú ọkọ̀ òfurufú, mo sunkún títí tí ẹni tó jókòó tì mí fi fún mi ní áńkáṣíìfù. Ká ní ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró, tí mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tí mo ní, “Mo ti ba nǹkan jẹ́,” ọ̀rọ̀ ì bá má le tó báyìí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe ń balẹ̀ ní pápákọ̀ tí mo ti máa wọ ọkọ̀ mìíràn, èṣù ti bá mi dámọ̀ràn.

Ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀ náà, ọ̀nà rẹ̀ sì ń yí kọ́rọkọ̀rọ bíi ti àkọ́kọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èèyàn ti ń jáde, wọ́n pàtẹ oògùn orí fífọ́ àti ìpara sí. Mo rí agolo ìpara kanfọ̀ kékeré kan. Kanfọ̀ ni màmá! Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wúkọ́, kanfọ̀ ni wọ́n fi ń pa wá láyà. Kanfọ̀ ni wọ́n fi ń pa orúnkún wọn. Bí wọ́n bá gbá wa mọ́ra, òun la máa ń gbọ́.

Mo rà á. Mo jókòó sí igun kan, mo fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ, mo sì fi ń pa etí ìborùn náà díẹ̀díẹ̀, kó má baà pọ̀ jù. Mo ṣe é ní àṣepé, bí mo ṣe ń ṣe aṣọ oníbàárà. Mo dì í sínú ọ̀rá méjì, mo so ẹnu rẹ̀ pinpin bí Kékeré ṣe so ó.

*

Ọkọ Àǹtí Àgbà ló wá fi ọkọ̀ gbé mi. Inú àga kan lẹ́bàá fèrèsé ni ẹ̀gbọ́n mi wà, ó gbé ìrọ̀rí lé ikùn níbi tí wọ́n ti là á. Ó ti rù. Mi ò tíì kí i tán tó fi na ọwọ́.

“Ó dà?”

Mo gbé e fún un. Ó tú u jẹ́jẹ́, ó gbé ojú sínú rẹ̀, kò sì gbé e sókè fún ìgbà pípẹ́. Mo dúró síbẹ̀.

“Kanfọ̀ wọn nìyí,” ló wí látinú aṣọ náà. “Yéè, màmá mi. Kanfọ̀ wọn nìyí.”

Ó bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀ gbójú sápá kan. Èmi náà sunkún, ó sì gbà pé ọ̀kan náà ni ẹkún wa.

“Lọ́fínńdà, o ṣeun,” ló wí nígbà tó nu ojú tán. “Ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ. O ò ní pàdánù.”

Mo ṣe àmín. Ẹ gbà mí gbọ́, àdúrà yẹn dùn mí ju èpè lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn ti ìborùn yẹn. Bí mo bá gbé oúnjẹ wọlé fún un, màá bá a tó gbé e bo ẹnu, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i. Bí mo bá wọlé, á dákẹ́, á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ara rẹ̀ ń yá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara mi pé irọ́ tó ń mú aláìsàn lára dá, irọ́ kọ́ nìyẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, a ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Kékeré pè. Àǹtí Àgbà gbé fóònù ti ìgò omi kí a lè jọ rí ojú rẹ̀.

“Àǹtí Àgbà, ara ń kọ́? Ṣé ìborùn tẹ̀ yín lọ́wọ́?”

“Ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ o. Kékeré, Ọlọ́run á bù kún ọ. Gbogbo kanfọ̀ màmá ṣì wà lára rẹ̀, wẹ́kú.”

Kékeré fajú ro.

“Kanfọ̀ kẹ̀?”

“Kanfọ̀ tí wọ́n fi ń pa wá láyà. Ṣé o ti gbàgbé ni?”

“Àǹtí, màmá ò fi kanfọ̀ para mọ́ láti ọdún tó kọjá. Ó ń bó wọn lára. Dókítà ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kàn wọ́n rárá.” Ó sún mọ́ fóònù. “Òróró àgbọn ni mo fi ń pa wọ́n lára láàárọ̀ àti lálẹ́, torí ara wọn gbẹ. Òun ló wà lára ìborùn yẹn. Èmi ni mo dì í. Òórùn àgbọn, àti… àti òórùn ara wọn.”

Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo rántí epo fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó ṣàn wọ inú ihò. Mo tún rántí nǹkan mìíràn tó burú ju ìyẹn lọ: Kékeré ti sọ ọ̀rọ̀ àgbọn yìí fún mi rí lórí fóònù, pé kí n bá òun rà á wá tí mo bá ń bọ̀ wá wo màmá. Mo ní, “Mo gbọ́.” Mi ò rà á, mi ò sì lọ. Iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lóṣù yẹn, lóṣù tó tẹ̀ lé e náà ó pọ̀.

Àǹtí Àgbà yí ojú sí mi díẹ̀díẹ̀.

“Lọ́fínńdà, kí lo ṣe sí aṣọ màmá mi?”

Ilẹ̀ ò lanu, ǹ bá kó sí i. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí mi. Ẹ forí jì mí.”

Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nígbà tó gbọ́ “ẹ” lẹ́nu mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀: òṣìṣẹ́ tó la ọ̀rá, ọmọbìnrin elétè pupa, “fín in dáadáa,” ọṣẹ, agolo kanfọ̀. Kékeré ń gbọ́ lórí fóònù. Mo gbọ́ tó ń sunkún, kò sì pa fóònù.

Mo rò pé Àǹtí Àgbà á gbá mi létí. Mo tilẹ̀ ń gbàdúrà pé kó gbá mi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bi mí.

“Omi wo lo fi fọ̀ ọ́? Tútù àbí gbígbóná?”

“Gbígbóná.”

Ó mi orí. Ó fa ìborùn náà jáde lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

“Mú un. Màmá ò sí lára rẹ̀, ìwọ lo wà níbẹ̀. Fífọ̀ tí o fọ̀ ọ́, mo lè gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú aṣọ yìí. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú pé mi ò wá sin wọ́n. O rí mi. O gbé oúnjẹ wọlé, o rí mi. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Lọ́fínńdà?”



*

Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù níbẹ̀, mo gbálẹ̀, mo fọ aṣọ, mo se oúnjẹ. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Nígbà tí mo ń padà, ṣọ́ọ̀bù méjèèjì ṣì wà níbi tí wọ́n wà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Ọmọbìnrin kan na ìgò sí mi.

“Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fín díẹ̀ sí yín.”

“Má fín in,” ni mo wí. Ó ti pẹ́ jù.

Ní oṣù tó kọjá, mo gbọ́ pé Kékeré ti fi aṣọ ìrọ̀rí màmá ránṣẹ́ sí Àǹtí Àgbà. Mi ò mọ̀ pé ó ní in. Orí rẹ̀ ló ti ń sùn láti ọjọ́ tí màmá ti kú. Obìnrin kan tó ń wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n kàn pàdé lórí ìlà ní pápákọ̀, òun ló fi rán. Ó sì dé pípé.

Mo pè é. “Kékeré, o mọ̀ pé mo lè mú un lọ. Kí ló dé tí o ò fi rán mi?”



“Àǹtí, ẹ má bínú,” ló wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ṣé kò ṣẹ́ kù rárá? Kí èmi náà lè gbọ́ òórùn wọn díẹ̀.”

“Gbogbo rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́, àǹtí. Ọ̀kan péré ni mo ní tẹ́lẹ̀.”

Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà láyé, tí ẹ ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀, ẹ dákun, ẹ dìde, ẹ lọ wò wọ́n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ lọ́fínńdà ni mò ń bá yín sọ.

Ìborùn náà wà lórí ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ. Mo ti ra òróró àgbọn, ìgò kékeré kan. Bí oníbàárà bá ti lọ tán, mo máa ń ṣí i, màá gbé e sí imú. Òróró àgbọn lásán ni. Òórùn kan kù tó yẹ kó wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá mi méjèèjì mọ̀ ọ́n. Èmi ò mọ̀ ọ́n.